Bí A Ṣe Lè Tún Library Debugger Ṣe Tí Ó Bá Ń Ṣi Àlàyé Kọmpáílà Kà

Ní àkókò ìkórè kaṣú ọdún tó kọjá, ètò kékeré kan tí mo kọ fún àwọn tó ń wọn kaṣú ní Ìyàrà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, kú lójijì nígbà tí àpò kan ṣì wà lórí òṣùwọ̀n. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà náà pè mí ní Kàbà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti kú o, ṣùgbọ́n ó kọ nǹkan sílẹ̀ kí ó tó kú." Ohun tí ètò náà kọ sílẹ̀ ni pé ìlà 41 nínú fáìlì oja.c ni òun wà nígbà tí òun ṣubú. Mo ṣí fáìlì náà. Àlàyé lásán tí mo kọ fún ara mi ló wà ní ìlà 41 ibẹ̀, èyí tí kọmpáílà (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe) kì í sọ di nǹkan kan rárá, nítorí náà kò sí bí ètò ṣe lè ṣubú síbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú oja.c yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ kí n tó rí i pé ìlà 41 ni àṣìṣe náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú iwon.h ni, fáìlì mìíràn pátápátá. Nọ́mbà ìlà tọ̀nà, orúkọ fáìlì ni kò tọ̀nà, ẹni tó sì fún mi ní orúkọ òdì yẹn ni library tí èmi fúnra mi kọ láti máa ka àlàyé tí kọmpáílà fi sílẹ̀.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ní irú library bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, yálà òun ló kọ ọ́ tàbí ó bá a nílẹ̀, tó sì ń rí i pé ìdáhùn rẹ̀ kò gún mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ kọmpáílà. Mo gbà pé ẹ ti kọ C tàbí Python fún ìgbà díẹ̀, àti pé nọ́mbà onípò 16 kò ṣe àjèjì sí yín. Mo fi gbogbo ọkàn gbà pé debugger (irinṣẹ́ tó ń wá ibi tí àṣìṣe wà nínú ètò) tó dákẹ́ sàn ju èyí tó tọ́ka síbi tí kò sí nǹkan lọ, nítorí ẹni tí kò mọ ọ̀nà yóò dúró béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà òdì fún yóò rìn jìnnà kí ó tó mọ̀ pé òun ti ṣìnà.

Ohun tí à ń kà gan-an nìyí. Bí ẹ bá fi -g kún àṣẹ tí ẹ fi pe GCC tàbí Clang lórí Linux, kọmpáílà yóò kọ àwọn ìpín kan kún fáìlì ELF (irú fáìlì tí Linux fi ń tọ́jú ètò) tó ń mú jáde. .debug_info ni ó ń gbé àkọsílẹ̀ nípa fọ́ńṣọ̀n, oníyípadà àti irú dátà kọ̀ọ̀kan; .debug_abbrev ni ó ń sọ bí a ṣe to àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí; .debug_line ni ó ń so àdírẹ́sì ẹ̀rọ mọ́ ìlà inú fáìlì orísun; .debug_str ni àká àwọn orúkọ. Ìlànà tí a fi kọ gbogbo wọn ni à ń pè ní DWARF, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ẹ̀dà 4 rẹ̀ jáde ní 2010, ẹ̀dà 5 sì jáde ní oṣù kejì ọdún 2017. Fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú wa kò bá ẹ̀dà 5 pàdé, nítorí kọmpáílà kì í lò ó àfi tí a bá dìídì béèrè fún un. GCC 11 ló kọ́kọ́ yí ìyẹn padà ní 2021, tó sọ ẹ̀dà 5 di ohun tí -g ń mú jáde láìjẹ́ pé a béèrè. Clang 14 ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022. Bí àwọn library tó ti ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi nǹkan kà nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kóòdù wọn.

Ìpìlẹ̀ gbogbo àtúnṣe tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò ju ọ̀kan lọ. Inú ẹyọ-ẹyọ ni .debug_info pín sí, tí ẹyọ kan sì sábà máa ń jẹ́ ohun tí kọmpáílà rí nínú fáìlì orísun kan pẹ̀lú àwọn fáìlì tí ìyẹn pè wọlé. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ̀dà tí ó bá sọ ni kí a fi kà á, kì í ṣe ẹ̀dà tí ẹyọ tó ṣáájú rẹ̀ sọ, kì í sì í ṣe ẹ̀dà tí a rò pé ètò náà lápapọ̀ ní, nítorí pé ètò kan ṣoṣo lè ní ẹyọ ẹ̀dà 5 tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ àti ẹyọ ẹ̀dà 4 tó wá láti inú library àtijọ́ tí ẹ so mọ́ ọn. Ní ọjà Kàbà, níbi tí àwọn ará Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ti ń pàdé, "Ọ̀kun" ni gbogbo wa fi ń kí ara wa, síbẹ̀ ẹni tó bá fi etí Owé gbọ́ ọ̀rọ̀ Yàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò ṣi ibì kan gbọ́. Ìkíni ni ó bára mu, ohun tó tẹ̀ lé e ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni báìtì mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú orí ẹyọ ṣe bára mu ní ẹ̀dà 4 àti ẹ̀dà 5, tí èyí tó tẹ̀ lé wọn sì yàtọ̀.

Ẹ wo báìtì kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù

Ẹ kọ ètò kékeré kan tó ní fáìlì C kan àti fáìlì .h kan, kí fọ́ńṣọ̀n kan tó ń ṣe iṣẹ́ gidi sì wà nínú fáìlì .h náà, nítorí ìdí tí yóò hàn níwájú. Ẹ kọmpáílì rẹ̀ lọ́nà méjì, kí ẹ sì fi irinṣẹ́ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé wò ó:

gcc -g -gdwarf-4 -O0 oja.c -o oja4
gcc -g -gdwarf-5 -O0 oja.c -o oja5
readelf --debug-dump=info oja5
readelf -x .debug_info oja5

Àṣẹ kẹta ń fi ìtumọ̀ hàn, àṣẹ kẹrin ń fi báìtì hàn bí wọ́n ṣe wà. Ẹ máa fi àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ má ṣe fi fáìlì .o bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjìnnà (nọ́mbà tó ń sọ iye báìtì tó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpín dé ibi kan) inú rẹ̀ ṣì jẹ́ òdo tí ń dúró de linker, ètò tí yóò so wọ́n pọ̀. Library tó bá fẹ́ ka .o ní láti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí .rela.debug_info sọ, iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn sì nìyẹn. Bí ẹ bá rí i pé báìtì náà kò jọ ohunkóhun tí ẹ mọ̀, ẹ fi readelf -S yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àmì C wà lára ìpín náà. Bí ó bá wà, wọ́n ti fún ìpín náà pọ̀ ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u kí ẹ tó kà á.

Nínú oja5, lẹ́yìn báìtì mẹ́rin tó sọ gígùn ẹyọ àkọ́kọ́, ohun tí ẹ óò rí lórí kọ̀ǹpútà oníbíìtì 64 ni èyí:

05 00 01 08 00 00 00 00

Ní ẹ̀dà 5, ìtumọ̀ rẹ̀ rọrùn. 05 00 ni nọ́mbà ẹ̀dà, báìtì tó kéré jù ló ń ṣáájú. 01 sọ pé ẹyọ kíkún ni. 08 sọ pé báìtì mẹ́jọ ni àdírẹ́sì kan. Òdo mẹ́rin tó kẹ́yìn sì sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ .debug_abbrev ni tábìlì ìkékúrú ẹyọ yìí wà. Ní ẹ̀dà 4, ìjìnnà tábìlì ìkékúrú ló ṣáájú, ìwọ̀n àdírẹ́sì ló tẹ̀ lé e, kò sì sí báìtì irú ẹyọ rárá. Library tó bá fi ìlànà ẹ̀dà 4 ka àwọn báìtì yìí yóò mú 01 08 00 00 pọ̀, yóò sì ka 0x801, èyíinì ni 2049, gẹ́gẹ́ bí ìjìnnà. Yóò ka òdo gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àdírẹ́sì. Òdo kan yóò sì ṣẹ́ kù tí yóò kà gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ òfìfo. Nítorí náà, bí library yín bá kígbe pé òun kò rí ìkékúrú ní ìjìnnà 2049, tàbí pé ìwọ̀n àdírẹ́sì jẹ́ òdo, ẹ má wulẹ̀ wá ìdí mìíràn kiri. Orí ẹ̀dà 4 jẹ́ báìtì 11, ti ẹ̀dà 5 jẹ́ 12.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn:

u->eda = ka_u16(r);
if (u->eda == 5) {
    u->iru = ka_u8(r);
    u->iwon_adiresi = ka_u8(r);
    u->ijinna_ikekuru = ka_ijinna(r);
} else if (u->eda >= 2 && u->eda <= 4) {
    u->iru = 1;
    u->ijinna_ikekuru = ka_ijinna(r);
    u->iwon_adiresi = ka_u8(r);
} else {
    return KO_MO_EDA;
}

Ẹ kíyè sí apá tó kẹ́yìn. Mo ti rí kóòdù tó kọ "bí ẹ̀dà bá tó 5 tàbí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ", bí ẹni pé a ti mọ bí ẹ̀dà tí kò tíì jáde yóò ṣe rí. Kí library kọ̀, kí ó sọ pé òun kọ̀, kí ó fi gígùn ẹyọ náà fò ó kọjá, kí ó sì máa bá èyí tó kù lọ. Ka_ijinna yẹn náà gba àkíyèsí: bí báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ ẹyọ bá jẹ́ ff ff ff ff, gígùn gidi wà nínú báìtì mẹ́jọ tó tẹ̀ lé wọn, gbogbo ìjìnnà nínú ẹyọ náà yóò sì jẹ́ báìtì mẹ́jọ. Bí irú ẹyọ bá sì jẹ́ 4 tàbí 5, báìtì mẹ́jọ mìíràn tó jẹ́ àmì ìdánimọ̀ yóò tẹ̀ lé orí náà. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí 6, àmì ìdánimọ̀ náà àti ìjìnnà kan ni yóò tẹ̀ lé e.

Tábìlì ìkékúrú àti àwọn ìrísí tuntun

Kí .debug_info má bàa tóbi jù, àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í sọ bí òun ṣe rí. Nọ́mbà kan ṣoṣo ló fi ń bẹ̀rẹ̀, nọ́mbà yẹn sì ń tọ́ka sí ibi kan nínú .debug_abbrev tí a ti to àwọn àbùdá rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, méjì-méjì: nọ́mbà àbùdá, lẹ́yìn náà nọ́mbà ìrísí tí a fi kọ iye rẹ̀. Òdo méjì ló ń fi òpin hàn. Bí ó ṣe rí nìyẹn títí di ẹ̀dà 4, ọ̀pọ̀ library sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ka méjì, ka méjì, títí o fi rí òdo méjì.

Ẹ̀dà 5 mú ìrísí kan wá tí kò bá ìṣírò méjì-méjì yìí mu. Nọ́mbà rẹ̀ ni 0x21, orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìlànà ni DW_FORM_implicit_const, iye rẹ̀ sì wà nínú tábìlì ìkékúrú fúnra rẹ̀, kò sí ohunkóhun fún un nínú .debug_info. GCC fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí pé nígbà tí gbogbo àkọsílẹ̀ oríṣi kan bá wá láti inú fáìlì kan náà, kò sí ìdí láti máa tún nọ́mbà fáìlì náà kọ. Ẹ wo ìlà báìtì yìí, irú èyí tí ẹ óò rí nínú oja5:

3a 21 01 3b 0b 39 21 05 49 13 00 00

Ohun tó sọ ni pé: fáìlì tí a ti kéde rẹ̀, ìrísí 0x21, iye rẹ̀ 1, ìlà ìkéde, báìtì kan nínú .debug_info, òpó ìkéde, ìrísí 0x21, iye rẹ̀ 5, irú dátà, ìtọ́ka oníbáìtì mẹ́rin, òpin. Library tí kò mọ 0x21 yóò ka 3a 21, yóò wá ka 01 3b gẹ́gẹ́ bí àbùdá àti ìrísí. Kò sí ìrísí kankan tó ń jẹ́ 0x3b nínú ìwé ìlànà. Bí orí bá bá yín ṣe é, library yóò dúró síbẹ̀, yóò sì sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti kọ pé ìrísí tí a kò mọ̀ kí a kà á sí báìtì òdo, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e yóò yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ óò sì máa rí oníyípadà tí orúkọ wọn jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ ka iye oní-SLEB128 kan (LEB128 ni ọ̀nà ìkọ nọ́mbà tí iye báìtì rẹ̀ ń yàtọ̀ bí nọ́mbà bá ṣe tóbi tó; SLEB128 ń gba nọ́mbà tó dín ní òdo, ULEB128 kì í gbà á) kún un nígbàkígbà tí ìrísí bá jẹ́ 0x21 nínú tábìlì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbùdá náà, kí ẹ má sì ka báìtì kankan fún un nígbà tí ẹ bá dé àkọsílẹ̀. Ẹ rí i dájú pé SLEB128 ni ẹ lò, kì í ṣe ULEB128, nítorí iye náà lè dín ní òdo. Bí ẹ kò bá dá ara yín lójú lórí LEB128, ẹ fi àpẹẹrẹ méjì yìí dán kóòdù yín wò: e5 8e 26 gbọ́dọ̀ fún yín ní 624485 gẹ́gẹ́ bí ULEB128, c0 bb 78 sì gbọ́dọ̀ fún yín ní 123456 tó dín ní òdo gẹ́gẹ́ bí SLEB128.

Clang ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú ẹ̀dà 5, kì í sábà kọ ìjìnnà orúkọ sínú àkọsílẹ̀. Nọ́mbà ìtọ́ka kékeré ni ó ń kọ, pẹ̀lú ìrísí strx1 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A ó fi nọ́mbà yẹn wo inú ìpín .debug_str_offsets, ibẹ̀ ni a ó ti rí ìjìnnà tí yóò gbé wa dé .debug_str. Ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ nínú .debug_str_offsets wà nínú àbùdá kan tó ń jẹ́ DW_AT_str_offsets_base, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń kọsẹ̀: àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ẹyọ ló gbé àbùdá náà, ṣùgbọ́n orúkọ kọmpáílà àti orúkọ fáìlì, tí àwọn méjèèjì nílò rẹ̀, ti wà níwájú rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá ń tú orúkọ bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ óò lo ìpìlẹ̀ tí ẹ kò tíì kà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ gba inú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ tọ́jú iye àbùdá kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe wà, kí ẹ sì mú àwọn ìpìlẹ̀ jáde. Ní ìgbà kejì, ẹ tú àwọn nọ́mbà ìtọ́ka sí orúkọ àti àdírẹ́sì. Ohun kan náà ni DW_AT_addr_base àti ìpín .debug_addr ń béèrè. Ìpìlẹ̀ wọ̀nyí ti fo orí ìpín náà kọjá, nítorí náà ẹ má ṣe tún fi báìtì mẹ́jọ orí náà kún un.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì òpin fọ́ńṣọ̀n kúrú, mo sì ń sọ ọ́ nítorí pé láti ẹ̀dà 4 ló ti wà, síbẹ̀ tí mo ṣì ń bá a pàdé. DW_AT_high_pc lè jẹ́ àdírẹ́sì, ó sì lè jẹ́ gígùn. Ìrísí rẹ̀ ni yóò sọ fún yín. Bí ìrísí bá jẹ́ ti àdírẹ́sì, ẹ lò ó bí ó ṣe wà. Bí ó bá jẹ́ ti nọ́mbà lásán, ẹ fi kún DW_AT_low_pc. Fọ́ńṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 0x1139 tí iye yìí sì jẹ́ 0x2b parí sí 0x1164, àdírẹ́sì 0x1164 fúnra rẹ̀ kò sì sí lára rẹ̀.

Tábìlì ìlà, níbi tí orúkọ fáìlì ti ń yẹ̀

Ibí ni àṣìṣe tèmi wà, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé kò pariwo bí àwọn yòókù. Àwọn tí mo ti sọ ṣáájú máa ń mú kí library ṣubú. Èyí ń jẹ́ kí ó dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú.

Nínú .debug_line, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń darí pẹ̀lú àwọn àṣẹ kéékèèké, tó ń mú tábìlì jáde: àdírẹ́sì báyìí, nọ́mbà fáìlì báyìí, ìlà báyìí. Nọ́mbà fáìlì yẹn ń tọ́ka sí àtòjọ kan tó wà ní orí tábìlì náà. Títí di ẹ̀dà 4, 1 ni fáìlì àkọ́kọ́ nínú àtòjọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá tọ́jú rẹ̀ sínú àréè C ní láti yọ 1 kúrò kí ó tó wò ó. Nínú ẹ̀dà 5, òdo ni fáìlì àkọ́kọ́, tí òun sì jẹ́ fáìlì orísun tí ẹyọ náà dá lé lórí. Kò sí ohun tí a ó yọ kúrò mọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ library mi láti ka ẹ̀dà 5, mo ṣe gbogbo ohun tí orí tuntun náà béèrè. Mo ka ìwọ̀n àdírẹ́sì tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn nọ́mbà ẹ̀dà. Mo ka bí àtòjọ fódà àti àtòjọ fáìlì ṣe ń ṣàlàyé ìrísí ara wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́ ọ láti gba orúkọ láti inú .debug_line_str. Ìyọkúrò 1 ni mo gbàgbé sílẹ̀ bí ó ṣe wà, ìdánwò mi kò sì rí i, nítorí pé GCC pẹ̀lú assembler rẹ̀ sábà máa ń kọ fáìlì orísun náà lẹ́ẹ̀mejì nínú àtòjọ ẹ̀dà 5, ní ipò òdo àti ní ipò 1. Ètò tèmi ní àtòjọ báyìí:

0  oja.c
1  oja.c
2  iwon.h

Nígbà tí tábìlì bá sọ fáìlì 1, library mi yọ 1, ó wo ipò òdo, ó rí oja.c, ìdáhùn náà sì tọ̀nà. Nígbà tó bá sọ fáìlì 2, library mi yọ 1, ó wo ipò 1, ó tún rí oja.c. Gbogbo ìdánwò tí mo kọ ló jẹ́ fáìlì C kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó lè tú àṣírí yìí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi fọ́ńṣọ̀n gidi sínú fáìlì .h nìyẹn. Àtúnṣe náà jẹ́ ìlà kan:

ipo = (t->eda == 5) ? nomba : nomba - 1;

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀dà tábìlì ìlà ni mo lò níbẹ̀, t, kì í ṣe ẹ̀dà ẹyọ, u. Tábìlì ìlà ní nọ́mbà ẹ̀dà tirẹ̀ ní orí rẹ̀, òun ni kí ẹ bi léèrè. Àwọn fódà náà yí padà lọ́nà tó jọ èyí: ní ẹ̀dà 4, òdo ni fódà tí a ti kọmpáílì, tí a kò sì kọ ọ́ sínú àtòjọ, ní ẹ̀dà 5, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní ipò òdo. DW_AT_decl_file nínú .debug_info ń lo àtòjọ fáìlì yìí kan náà, nítorí náà bí ẹ bá ti tún un ṣe níbì kan, ẹ wá gbogbo ibi tó kù tí kóòdù yín ti ń wo àtòjọ náà. Ibi mẹ́ta ni mo bá a nínú tèmi. Mo fi gbogbo wọn sínú fọ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo kí ẹnikẹ́ni má bàa tún ṣe ìyọkúrò náà lọ́wọ́ ara rẹ̀ mọ́.

Fún ẹni tó bá ń fi library tọpasẹ̀ ìpè láti inú ètò tó ti ṣubú, ohun kan wà tó jọ àṣìṣe yìí tí kò sì jẹ́ tirẹ̀. Àdírẹ́sì ìpadàbọ̀ tí ẹ bá lórí stack (apá mẹ́mórì tí ètò ń to àwọn ìpè rẹ̀ sí) ń tọ́ka sí àṣẹ tó tẹ̀ lé ìpè náà, kì í ṣe ìpè náà gan-an. Ẹ yọ 1 kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi wo tábìlì ìlà, àfi àdírẹ́sì ibi tí ètò ti ṣubú gan-an.

Nínú ẹ̀dà 5, àwọn àtòjọ ìbú àdírẹ́sì (ibi tí kóòdù kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí) náà kúrò nínú .debug_ranges lọ sínú .debug_rnglists. Níbi tí èyí àtijọ́ ti jẹ́ àdírẹ́sì méjì-méjì, tuntun fi báìtì kan ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti sọ irú èyí tó ń bọ̀, láti òdo tó jẹ́ òpin títí dé 7. Mẹ́jọ péré ni wọ́n; ẹ kọ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí library ṣe lè mọ̀ pé òun ti ṣìnà

Ẹ fi àyẹ̀wò yìí sí i, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí láé: nígbà tí ẹ bá ka gbogbo àkọsílẹ̀ inú ẹyọ kan tán, ibi tí ẹ dúró sí nínú .debug_info gbọ́dọ̀ jẹ́ òpin tí gígùn ẹyọ náà sọ gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ẹ ti ṣi ìrísí kan kà. Bí ẹ kò bá dé ibẹ̀, tí ohun tó ṣẹ́ kù sì ju òdo lásán lọ, ẹ ti ṣi ìrísí kan kà. Kò sí àyẹ̀wò mìíràn tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì ń mú àṣìṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, kí library fi nọ́mbà ẹyọ, ẹ̀dà rẹ̀ àti ìjìnnà ibi tó dúró sí hàn, nítorí pé ohun mẹ́ta yìí ni ẹ óò fi rí ibẹ̀ nínú readelf láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ó má ṣe gbìyànjú láti méfò. Fún tábìlì ìlà, ẹ kọ̀ nọ́mbà fáìlì tó bá ju àtòjọ lọ. Ẹ má ṣe fún un ní fáìlì tó kẹ́yìn bí ẹni ń ṣe é lóore.

Nípa ìdánwò, ẹ̀dà 4 àti 5, GCC àti Clang, -O0 àti -O2: ọ̀nà mẹ́jọ nìyẹn, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ dán gbogbo wọn wò, nítorí pé ẹni tó bá fi GCC nìkan dán an wò kò ní sábà rí strx, ẹni tó bá sì fi Clang nìkan dán an wò lè má bá 0x21 pàdé dáadáa. Ẹ fi èsì library yín wé ti readelf --debug-dump=decodedline, kí ẹ sì tún fi wé ti llvm-dwarfdump --debug-line, nítorí pé irinṣẹ́ méjì tí ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ṣọ̀wọ́n láti ṣi ibì kan náà kà. Fún ẹni tó wà níbi tí a wà yìí, tí dátà wọ́n tí iná ọba kò sì dúró, kò pọn dandan kí ẹ gba gbogbo kọmpáílà sórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ bẹ ẹni tó ti ní Clang kí ó kọmpáílì ètò kékeré náà, kí ó sì fi èyí tó jáde ránṣẹ́, kò tóbi. Ẹ tọ́jú àwọn fáìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú git pẹ̀lú ìdáhùn tí ẹ ti yẹ̀ wò, kí ìdánwò yín má bàa yí padà nígbà tí kọmpáílà ẹnìkan bá yí padà.

Ó ku ohun kan, èyí tó gbà mí lọ́wọ́ ìrìn àjò mìíràn sí Ìyàrà. Ètò mi máa ń kọ àdírẹ́sì gidi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì àti ìlà nígbàkígbà tó bá ṣubú, ó sì ń kọ ibi tí wọ́n ti gbé e sí nínú mẹ́mórì, pẹ̀lú àmì ìdánimọ̀ tó wà nínú .note.gnu.build-id. Ẹ jẹ́ kí tiyín náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tún library náà ṣe tán, mo wá fáìlì ètò tí àmì rẹ̀ bá ti ìròyìn náà mu, mo yọ ibi tí wọ́n gbé e sí kúrò nínú àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, mo sì tún gbogbo ìròyìn àtẹ̀yìnwá kà. Mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò ní oja.c, wọ́n sì bọ́ sí ìlà 41 nínú iwon.h, níbi tí a ti ń pín àpapọ̀ ìwọ̀n pẹ̀lú iye àpò kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iye àpò náà ti kúrò ní òdo.